Ohun Tí Mo Kọ Sínú Káàdì Ràfátù

Kúdẹtì, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé.

Títílayọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ fún iṣẹ́ tuntun. Mo kí àwọn ará Ṣakí tó gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Orúnkún bàbá rẹ ti sàn díẹ̀, ó ti lè rìn dé Ọjà'ba láì dúró sinmi. Ìkíni tán. Ohun tó wà lọ́kàn mi wúwo, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rín lo fi bẹ̀rẹ̀. O ní tíṣà obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn yín, ó ní nǹkan oṣù òun ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, òun kò sì lè jókòó níwájú àwọn ọmọ kíláàsì òun mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń yí òun láṣọ. O ní o fún un ní oògùn ìrora, o sọ fún un pé gbogbo obìnrin ló ń rí i, kó lọ sinmi. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ wá rẹ́rìn-ín kó tó jáde tán. Mo bi ọ́ bóyá o wo ojú rẹ̀, bóyá o wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bóyá o béèrè iye páàdì tó ń lò lóòjọ́. O ní o kò ṣe ìkankan. Mo ní kí o gbé fóònù sílẹ̀, kí o lọ wá a. Lọ́jọ́ kejì o tún pè, o ní o dé ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní padà síbi tí wọ́n ti fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Lẹ́yìn náà lo wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí ohùn yín ń gbọ̀n?"

Mi ò lè dáhùn lórí fóònù. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, tí mo sì ń fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Ṣakí lọ́la. Má kà á láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Wá ibì kan jókòó sí, kà á tán, kí o tó tún lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn.

O mọ̀ mí sí nọ́ọ̀sì tó fi ẹ̀yìn tì pẹ̀lú orúkọ rere. O kò mọ ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá rẹ gan-an, ìlàjì rẹ̀ ló mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè Bẹẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ mi funfun báláú, mo máa ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi le gbagidi, mo sì rò pé ohun gbogbo tí èèyàn lè mọ̀ nípa ara obìnrin ni wọ́n ti kọ́ mi tán. Métírọ̀nù wa lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni mo ń rí àwọn aláìsàn. Obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé láti Ìsàlẹ̀ Òsì. Kànìnkànìn àti ọṣẹ ni obìnrin náà ń tà. Ràfátù ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ga, ó tinrin. Kí ó tó jókòó, ó ká ìró kan tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì.

"Nọ́ọ̀sì," ni ìyá rẹ̀ wí, "ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kò dá. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan oṣù. Eléyìí ti di ọjọ́ kejìlá."

Títí, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti gbé ọmọbìnrin kan wá bá wa tí ẹnì kan bá ṣẹ́yún níbi tí kò dáa, díẹ̀ ló kù kó kú. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ṣì wà lójú mi. Mo wo gíga Ràfátù, mo wo àyà rẹ̀ tó ń yọ, mo sì ti parí ẹjọ́ lọ́kàn mi kí ó tó la ẹnu.

"Ta ló fún ẹ lóyún?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Àwọn tó ń purọ́ bíi tìẹ pọ̀ tó ń wá síbí. Ta ni?"

Mi ò rẹ ohùn mi sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń dúró dè mí yíjú padà. Ìyá Ràfátù fa ìborùn rẹ̀ bojú. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo fa káàdì rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ó jọ pé ó ṣẹ́yún. Kò fẹ́ jẹ́wọ́.* Mo fún un ní asipirínì nítorí inú tó ń run ún, mo ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó ṣe é wá. Nígbà tí wọ́n dìde, ẹ̀jẹ̀ ti gba inú ìró náà kọjá sí bẹ́ǹṣì. Mo pòṣé. Mo pe ẹni tó ń nu ilẹ̀.

Mo fẹ́ kí o dúró níbí díẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti tó oyún ní, a gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún fún un. Iṣẹ́ ni. Kó o gba ìtọ̀ rẹ̀, kó o ṣe é, kó o mọ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yàtọ̀ sí ẹ̀sùn. Èmi fi ẹ̀sùn kàn án, mi ò sì ṣe àyẹ̀wò. Mú obìnrin wọ yàrá, ti ilẹ̀kùn, bi í ní ohùn tí ẹni tó wà níta kò ní gbọ́. Bó bá jẹ́ ọmọdé ló wà níwájú rẹ, sọ fún ìyá rẹ̀ pé o fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ohunkóhun tó bá sọ fún ọ, má ṣe jẹ́ kí ojú rẹ yí padà.

Ọjọ́ kẹta ni métírọ̀nù ka ìwé àkọsílẹ̀ dé orúkọ Ràfátù. Ó pè mí.

"Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kí ni àyẹ̀wò sọ?"

"Mi ò ṣe é, mà."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o wọn bí ó ṣe tó?"

"Rárá, mà."

Ó pa ìwé náà dé. "Lọ wá ọmọ yẹn báyìí. Má padà wá láì rí i."

Mo rìn láti Bẹẹrẹ gba ẹ̀gbẹ́ Màpó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì, tí mo ń béèrè ilé bàbá Ràfátù, ẹni tó ń rán fìlà. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá náà dìde kúrò nídìí fìlà tó ń rán, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo sọ pé ọmọ mi ṣẹ́yún?"

Ohun tí bàbá rẹ kò mọ̀ nìyí. Mo wo ojú bàbá yẹn, mo sì sọ pé, "Kì í ṣe èmi, sà. Nọ́ọ̀sì mìíràn ni."

Ìyá Ràfátù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ mi. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Kò sọ nǹkan kan, nítorí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ nínú yàrá, èmi ni ẹni tó wá gbé e.

Ẹní ni Ràfátù dùbúlẹ̀ lé. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sáré bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, bẹ́ẹ̀ ó kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó dì gbàǹgbà bí ẹ̀dọ̀ wà lórí àkísà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, tí mo bá dìde, ilé ń yí." A gbé e wọ takisí, èmi, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, a forí lé ọsibítù ńlá. Orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Ní gbogbo ọ̀nà, ìka mi kò kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, mò ń ka bí ó ṣe ń lù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń ṣì í kà.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Kó tó béèrè ohunkóhun, ó ti wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ti fi abẹ́rẹ́ wá iṣan, ó ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó ti ní kí wọ́n lọ gbé ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu wá. Ó gba ìtọ̀ rẹ̀ náà. Kò sí oyún, kò sì sí àmì pé oyún wà níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló wá mú káàdì tí ìyá Ràfátù mú dání, ó kà á, ó gbé ojú sókè.

"Ta ló kọ èyí?"

Bàbá Ràfátù ń wo dókítà. Ìyá Ràfátù ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, obìnrin yẹn kò ní tú mi fó.

"Èmi ni, mà."

Bàbá náà yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. Kò pariwo. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó pariwo.

"Oògùn wo lo fún un?" ni dókítà tún bi mí.

"Asipirínì, mà."

"Asipirínì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ti fi kún ohun tó ń ṣe é." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì yí padà sí ọmọ náà.

Títí, gbọ́ àwọn ìbéèrè tó bi í, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi rí ohun tí mi ò rí nínú ìwé. Ó bi í bóyá imú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ràfátù ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń sọ pé oòrùn ni. Ó bi í bóyá wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn, ó ní nígbà tí wọ́n yọ ọ̀kan, odindi ọjọ́ kan ni ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ máa ń tètè ní àpá dúdú bí ó bá fi ara gbá nǹkan. Ràfátù ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi hàn wá.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Ìyá?" ni dókítà bi ìyá rẹ̀.

"Bí tiwa ṣe rí nílé wa nìyẹn, mà. Àkísà mi kì í gbẹ bí mo bá wà nínú nǹkan oṣù. Ìyá mi náà bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyá mi bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá, ó bá a lọ."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ìyá, kì í ṣe bí obìnrin ṣe rí nìyẹn. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni, ó ń bá ìdílé rìn."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí ìwọ náà ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé. Ó ní lóṣooṣù, awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ máa ń ṣí kúrò, àwọn iṣan kéékèèké ibẹ̀ á sì ya sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń dì láti dí wọn. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé kan, ohun tó ń jẹ́ kó dì yẹn kò tó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ọmọbìnrin irú ilé bẹ́ẹ̀ lè má mọ̀ títí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò fi dé.

Ó ní wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n máa fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè yọ́, wọ́n á sì fi àwọn hóró oògùn kan kún un, irú èyí tí àwọn obìnrin ń lò fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kí inú ilé ọmọ lè fara balẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá Ràfátù ti dìde.

"Ìfètò-sọ́mọ-bíbí? Fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá?" Ó na ọwọ́ sí okùn omi tí wọ́n ti fi sí iṣan apá ọmọ rẹ̀. "Ẹ tú nǹkan yìí. A ń lọ sílé."

"Bàbá, bí ẹ bá gbé e lọ báyìí, kò ní pẹ́ láyé," ni dókítà wí.

"Ọ̀kan náà ni yín. Nọ́ọ̀sì yìí pe ọmọ mi ní aṣẹ́wó, ẹ̀yin náà wá fún un ní oògùn aṣẹ́wó. Ẹ tú u."

Àlàyé tí dókítà ṣe kò wọ̀ ọ́ létí mọ́. Irọ́ tí mo pa mọ́ ọmọ rẹ̀ ti dí etí yẹn. Mo rí i kedere pé bí ọmọ yẹn bá jáde kúrò níbẹ̀, èmi ni mo pa á, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Ràfátù ni mo kúnlẹ̀ fún, kì í ṣe bàbá rẹ̀.

"Ràfátù, mi ò yẹ̀ ọ́ wò kí n tó sọ ohun tí mo sọ. O kò ṣe ohun burúkú kan. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Jọ̀ọ́, má bínú." Mo wá yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo sọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Mo tún parọ́ fún yín lẹ́nu ọ̀nà yín. Kò sí nọ́ọ̀sì mìíràn. Ẹ bínú sí mi. Ẹ má bá oògùn ọmọ yín jà."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn náà. Ràfátù kò la ojú, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, mo sọ fún yín."

Bàbá náà mú ọwọ́ kúrò. "Wàá wá sí agboolé wa," ni ó wí fún mi, "wàá sọ ọ́ lójú gbogbo ilé."

"Mo máa wá, sà."

Ó wá bi dókítà pé, "Oògùn yìí, ṣé kò ní dí i lọ́wọ́ láti bímọ lọ́jọ́ iwájú?"

"Kò ní dí i, Bàbá. Ó máa jẹ́ kó wà láàyè débẹ̀ ni."

Ó jókòó. Ní ọjọ́ kẹta ẹ̀jẹ̀ náà dínkù, ní ọjọ́ karùn-ún ó dá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì pẹ̀lú métírọ̀nù, mo dúró láàárín àgbàlá lójú àgbà àti èwe, mo sọ ohun tí mo ṣe. Obìnrin àgbà kan ṣépè lé mi. Mo gbà á.

Àbẹ̀kẹ́ mi, gbogbo ohun tí mo wá mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n fún ọ ní èyí tí mo rántí, bí ó ṣe ń bọ̀ lọ́kàn mi.

Má dúró kí obìnrin fi ife wọn ẹ̀jẹ̀ wá fún ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó ń jí i lójú oorun láti pààrọ̀ páàdì, tó ń lo méjì papọ̀, tó ń rí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá, tàbí tó kọjá ọjọ́ méje, ó ti pọ̀ jù. Òun ló ń gbé inú ara yẹn. Gbà á gbọ́.

Kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó lè dúró. Bí òyì bá ń kọ́ ọ, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tí ojú rẹ̀ funfun, tàbí tí páàdì ń kún láàárín wákàtí kan léraléra, má bẹ̀rẹ̀ ìwádìí gígùn. Fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀jẹ̀ wà, kí ìwọ fúnra rẹ tẹ̀ lé e bí ó bá ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn náà kó o wá ìdí. Ìdí kì í ṣe ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ìju, àwọn kókó tó ń hù lára ilé ọmọ, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní fáíbírọ́ìdì. Sikáànì á fi hàn. Ó lè jẹ́ pé ẹyin kò jáde lóṣù yẹn, bí ó ṣe máa ń rí fún àwọn ọmọdébìnrin àti àwọn tí nǹkan oṣù wọn ń lọ sópin. Bó bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde láàárín oṣù sí oṣù, kí dókítà mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò, nítorí jẹjẹrẹ. Nígbà mìíràn, a ò ní rí ìdí kankan. Ìyẹn kò sọ obìnrin náà di òpùrọ́, ó sì ṣì yẹ kó gba ìtọ́jú.

Fún un ní oògùn tó ń fún ara ní èròjà ẹ̀jẹ̀, kó sì máa lò ó fún oṣù mélòó kan, kì í ṣe títí ara bá kàn fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ ní agboolé wọn, ẹ̀jẹ̀ ló tán lára wọn.

Ìwọ náà á rántí ọdún tí o wọ ilé ìwé girama, tí n kì í wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìju ni. Bàbá rẹ rò pé wọ́n máa yọ ilé ọmọ mi dànù, kò lè jẹun. Dókítà jókòó tì wá, ó to ọ̀nà sílẹ̀: oògùn tí mo lè máa lò kìkì ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, lúùpù olóògùn tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dínkù, iṣẹ́ abẹ tó ń yọ ìju nìkan, àti yíyọ ilé ọmọ, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ. Èmi ló bi, kì í ṣe bàbá rẹ. Lúùpù yẹn ni mo mú, ó sì bá mi lára mu. Ẹlòmíràn á mú nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí obìnrin mọ gbogbo ọ̀nà tó wà kó tó mú ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀rù ọ̀bẹ lé e sá kúrò ní ọsibítù.

Ní ti tíṣà yẹn, padà lọ. Má rán ẹnikẹ́ni. Má mú káàdì tàbí oògùn jáde kí o tó tọrọ àforíjì, má sì ṣàlàyé ara rẹ. Sọ ohun tí o ṣe, kí o dákẹ́. Bó bá lé ọ, lọ, kí o tún padà ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀gá rẹ. Bí ara rẹ̀ bá ti rẹ̀ ẹ́ ju kó lè rìn lọ, wá ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ojú máa tì ọ́. Ojú tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣì ń mí.

Àyẹ̀wò Ràfátù jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí dókítà sọ ni. Wọ́n yẹ ìyá rẹ̀ náà wò, wọ́n bá a lára rẹ̀. Ràfátù kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó fẹ́ ọkọ sí Bẹyẹrùnkà, ó sì bí ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ní ọsibítù tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tí oògùn àti ẹ̀jẹ̀ sì wà ní sẹpẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá pàdé lọ́jà, ó máa ń kí mi, ó sì máa ń kọjá. Mi ò dá a lẹ́bi lọ́kàn mi.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fi ẹ̀yìn tì, ó wọ yàrá mi pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ga, tó tinrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan oṣù. Mo fẹ́ kí ẹ ti bi í kó tó bẹ̀rẹ̀."

Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fa àga mi sún mọ́ ọmọ náà títí ojú wa fi dọ́gba, mo sì bi í bóyá imú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ràfátù ní, "Dá wọn lóhùn. Wọ́n á gbọ́ ọ."

Èmi ni,
ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí kò sì ní yéé bá ọ sọ òótọ́.